Sí Sẹ̀nàmí, Nípa Oorun Tó Gbé E Lọ ní Gbájì

Létí Òkun, Àgbádárìgì,
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Sẹ̀nàmí ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Kì í ṣe ìkíni lásán ni mo fi ṣe lónìí o, mo fẹ́ mọ̀ ni. Bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, ohun tí mo máa ń gbọ́ ni, "Bàbá mi, mo wà ní míìtìn, mà á pè yín padà." O kì í sì í pè padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Èdè Ẹ̀gùn ni a fi ń bá ara wa jà nínú ilé, ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ni ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n kọ. Jọ̀wọ́, jókòó kà á. Má kà á lórí ìrìn.

Ìyá rẹ ní kí n má dẹ́rù bà ọ́. Mo dá a lóhùn pé èmi gan-an ni ẹ̀rù ń bà. Láti ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. O dé láti bodè Sèmè ní ọ̀sán ọjọ́ náà, o ní ibi iṣẹ́ lo ti ń bọ̀, lọ́jọ́ tí gbogbo ayé ń sinmi. Bí o ṣe wọlé lọ bá ìyá rẹ, mo yí ọkọ̀ rẹ po bí mo ti máa ń ṣe. Mo rí koríko tútù tó há sí abẹ́ bọ́ńpà, ẹrẹ̀ sì bo táyà ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì jáde, mo bi ọ́ pé ibo lo gbà tí koríko fi ń bá ọ bọ̀ wálé. O rẹ́rìn-ín.

O ní, "Bàbá, oorun kàn gbé mi lọ díẹ̀ ní Gbájì ni. Mo ṣí ojú, mo rí i pé inú igbó ni mo wà. Ọlọ́run ló yọ mí jàre."

O tún ń rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ bá ọ rẹ́rìn-ín nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kò tètè yé e. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ara igi àgbọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni mo fẹ̀yìn tì. O jẹ òkèlè bíi mélòó kan, fóònù dún, o bá ẹnì kan jiyàn lórí tírélà tí wọn kò jẹ́ kó kọjá ní bodè, o fọ ọwọ́, o ní o ń lọ sílé rẹ ní Ọ̀tọ̀. Oúnjẹ tó kù nínú àwo rẹ, èmi ni mo jẹ ẹ́ lálẹ́, mi ò mọ adùn rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí fóònù bá ti dún, ìyá rẹ ni mo ń ní kó gbé e. Bí ẹnikẹ́ni bá yà sí ọgbà wa láìrò tẹ́lẹ̀, ojú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò, bóyá ìròyìn burúkú ló gbé wá. Níjẹta, pásítọ̀ kàn wá yá àkàbà ni, mo ti jókòó sílẹ̀ kó tó lanu. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá.

O mọ ejò tó bù mí jẹ. O ti gbọ́ ìtàn Dànsú láti kékeré, ṣùgbọ́n bí ìtàn òkun ni mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún yín. Jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i bí ìtàn iṣẹ́, nítorí o ti di ọ̀gá báyìí lórí àwọn tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù kọjá ní bodè.

Kí n tó di olùkọ́, afàwọ̀n ni mí. Ọkọ̀ á gbé àwọ̀n ńlá wọ inú òkun lọ, okùn rẹ̀ méjèèjì á wà lórí iyanrìn, àwa á tò sí ìdí okùn, a ó máa fà á bọ̀. Ẹnì kan ló ń dá orin. Bí orin bá yára, ẹsẹ̀ gbogbo wa á yára. Bí orin bá falẹ̀, èèyàn á ráyè mí. Èmi ni mò ń dá orin nígbà náà, mi ò tíì tó ẹni tó ń fá irùngbọ̀n, ohùn mi sì ń dún dé ilẹ̀ Benẹ́ẹ̀ lódìkejì bodè, bí àwọn ọmọbìnrin ìgbà náà ṣe máa ń sọ. Ìyá rẹ wà lára wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í gbà.

Ẹni tó kọ́ mi ní iṣẹ́ orin yẹn sọ fún mi pé ohùn dídùn kọ́ ni iṣẹ́ náà. Ó ní kí n má wo òkun, kí n má wo ọ̀gá, kí n máa wo ojú àwọn tó ń fà. Ojú ẹni tó ti rẹ̀ máa ń yí padà kí ẹnu rẹ̀ tó sọ ọ́.

Ní àsìkò kan, ẹja ń wọ́ wá bí ẹni tí a pè. A fà, a tún fà, ọwọ́ wa bó. Ọjọ́ kan sì wà láàárín ọ̀sẹ̀ tí àwọ̀n kì í wọ òkun létí omi wa. Àwọn àgbà ní òkun ló ni ọjọ́ náà. Nígbà tí ọjọ́ náà dé, ọ̀gá alàwọ̀n wa ní ẹja kò mọ ọjọ́, ó ní kí a gbé àwọ̀n sọ. Dànsú ló dúró ṣáájú lórí okùn tiwa, ọkùnrin tó nípọn, tó ní ìyàwó àti ọmọ. Kò lè bá ọ̀gá jiyàn. Èmi ló yíjú sí.

Ó ní, "Àbúrò, dá a pẹ̀lẹ́. Ọwọ́ mi ti kú."

Mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ń mi orí sí mi, inú mi ń dùn, mo tún gbé orin náà sókè. Nígbà tí ọwọ́ Dànsú kò lè di okùn mú mọ́, ó wé e mọ́ ọrùn ọwọ́. Afàwọ̀n kankan kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọdé tó ń ṣeré létí omi mọ̀ pé wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbì ńlá kan dé, ó fa àwọ̀n padà, okùn sì gbé e lọ. Ọjọ́ kejì ni òkun tó dá òkú rẹ̀ padà fún wa.

Títí dòní, àwọn kan ń sọ pé òkun ló bínú. Mi ò bá wọn jiyàn. Ohun tí èmi rí pẹ̀lú ojú mi ni pé ó rẹ ọkùnrin náà. Ó ṣeé ṣe kí àwọn tó dá ọjọ́ ìsinmi yẹn sílẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n sì mọ̀ pé àwa ọmọ aráyé kò ní sinmi bí wọn kò bá fi ẹ̀rù kún un. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ mi lónìí bá bà ọ́ lẹ́rù, jẹ́ kó bà ọ́.

Èkínní, ọmọ mi, ti oorun. Oorun kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìwọ tí o máa ń sunkún nígbà tí o wà ní kékeré pé o kò fẹ́ sùn, tí o máa ń fi ìka la ojú ara rẹ kí o má bàa pàdánù eré, o tún ti bẹ̀rẹ̀ báyìí. Oorun tó bá gbé èèyàn lórí àga, ẹ̀rín la fi ń rín. Èyí tó bá gbé e nídìí ọkọ̀, wọn kì í ráyè rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mejì. Bí iṣẹ́ bá pẹ́ jù ní Sèmè, sùn sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ tó wà níbẹ̀, tàbí kí o yà sọ́dọ̀ wa. Iyàrá rẹ kò yí padà. Bí kò bá ṣeé ṣe, wọ ọkọ̀ èrò bíi tàwa yòókù, kí o sùn nínú rẹ̀ títí dé Ọ̀tọ̀. Ipò ọ̀gá kò ní já bọ́ lórí rẹ nítorí pé o jókòó ti ẹlẹ́ja.

Èkejì, o ti di ẹni tó ń dá orin. Mo lọ ra okùn ní Sèmè lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá ọ ṣiṣẹ́ dá mi mọ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi. Má bi mí ní orúkọ rẹ̀, mi ò ní sọ, má sì lọ máa fi ojú wá a ní ọ́fíìsì. Ó ní, "Bàbá, abẹ́ẹ̀gì, ẹ bá wa bá Àǹtí sọ̀rọ̀. A ò kórìíra wọn o, wọ́n dáa gan-an, wọ́n máa ń jà fún wa lọ́wọ́ àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n wọn kì í sùn, wọn ò sì jẹ́ ká sùn. Tí wọ́n bá ti fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì sí gúrúùpù lóru, gbogbo wa la máa dìde. Ọmọ mi ò mọ ojú mi mọ́, Bàbá."

Mo bi í pé ṣé ìwọ lo ní kí wọ́n máa dáhùn lóru. Ó ní rárá, o kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó bá sọ̀rọ̀ lóru ti pàṣẹ, bó bá wù ú kó sọ pé kí wọ́n fi í di àárọ̀. Bí èrò kan bá sọ sí ọ lọ́kàn nígbà tí àwọn èèyàn rẹ ń sùn, pa á mọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ, kí o fi ránṣẹ́ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Gbogbo wa kò lè sùn ká kọrí síbì kan náà: ẹnì kan lágbára láàárọ̀, ojú ẹlòmíràn kì í là títí oòrùn á fi gòkè, ẹlòmíràn ní ìyá tó ń ṣàìsàn nílé. Wo ojú wọn, Sẹ̀nàmí. Béèrè ohun tó ń rẹ̀ wọ́n, kí o sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé ọwọ́ òun ti kú, oore ńlá ló ṣe ọ́.

Kí n tó gbàgbé, oúnjẹ. Búrẹ́dì tí o ń jẹ nínú ọkọ̀ kì í ṣe oúnjẹ, ohun mímu inú agolo tó ń mú ọkàn lù kìkì kì í sì í ṣe omi. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ìwọ sì fẹ́ fi inú òfìfo ṣe ìpinnu lórí ẹrù àwọn oníṣòwò. Jókòó jẹun lọ́sàn-án níṣojú àwọn èèyàn rẹ, kí àwọn náà lè jẹun láìbẹ̀rù.

Ẹ̀kẹta, tàbí ìkẹrin ni àbí, má di gbogbo okùn mú fúnra rẹ. Èmi tí mò ń sọ èyí, mo ṣe é. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi mí ṣe ọ̀gá ilé-ìwé, mo rò pé bí mi ò bá fọwọ́ kan nǹkan, nǹkan ọ̀hún á bàjẹ́. Èmi ni mò ń yẹ ìwé gbogbo olùkọ́ wò, èmi ni mò ń wo bí wọ́n ṣe gbálẹ̀, kódà èmi ni mò ń lu agogo. Mo ti kìlọ̀ débi pé kò sí olùkọ́ tó jẹ́ fọwọ́ kan agogo náà. Ibà wá dá mi dùbúlẹ̀ ní ọjọ́ kan. Àwọn ọmọ jókòó nínú kíláàsì láti àárọ̀, kò sí eré, kò sí oúnjẹ, torí pé ọ̀gá kò tíì lu agogo. Ọ̀sán ti pọ́n kí àwọn òbí tó wá tú ọmọ wọn sílẹ̀, èébú tí wọ́n bú mi wọ inú iyàrá tí mo dùbúlẹ̀ sí. Ìyá rẹ ṣì máa ń fi ìtàn yẹn pa àwọn àlejò lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí kì í ṣe èébú. Àwọn olùkọ́ dáadáa ni mo ní, mo sì ti sọ wọ́n di ẹni tí kò lè lu agogo.

Yan ẹnì kan nínú wọn, kọ́ ọ ní ohun tí o mọ̀, fi iṣẹ́ òwúrọ̀ lé e lọ́wọ́. Yóò ṣe àṣìṣe. Jẹ́ kó ṣe é nígbà tí o wà nítòsí láti tún un ṣe. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kò sí ọ̀gá tí ọwọ́ rẹ̀ wọ ibi gbogbo.

Ní ti àkókò, ìwọ mọ iṣẹ́ rẹ jù mí lọ, ṣùgbọ́n mo ti jókòó ní ọ́fíìsì rẹ rí, mo gbọ́ bí o ṣe ń fi ohùn kan náà pariwo lórí tòmátì àti lórí irin. Tòmátì tó bá sun bodè á rà. Irin á sun bodè fún ọ̀sẹ̀ kan, irin náà ni yóò jí. Láàárọ̀, kí fóònù tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ya èyí tó ń rà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó lè dúró, kí o sì kọ́kọ́ mú èyí tó ń rà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, pa ìlẹ̀kùn dé, kí o fi irin sílẹ̀ fún ọ̀la. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Mú ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú, ọjọ́ tí àwọ̀n rẹ kò ní wọ òkun, kí o sọ ọ́ fún àwọn tó ń bá ọ ṣiṣẹ́, kí o sọ ọ́ fún àwọn tó gbà ọ́ síṣẹ́.

Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ. Wàá ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń la àpáta ṣì máa ń gbé àáké sílẹ̀, kó mumi. Wàá tún ní iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́, èmi ni mo sì kọ́ ọ. Èmi ni lóòótọ́. Mi ò kọ́ ọ pé kí o mu oògùn náà ju bó ṣe yẹ lọ.

Mi ò sọ pé kí o fi iṣẹ́ sílẹ̀ o. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Inú mi dùn débi pé, nígbà tí wọ́n fi ọ́ jẹ ọ̀gá, èmi àgbàlagbà jó yí ọgbà po, mo sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ní etí. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ èyí tó le níbẹ̀ fún ọ. Bí nǹkan kan bá ṣe ọ́, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, àwọn tí o ń ṣiṣẹ́ fún á fi ọkọ̀ méjì wá kí wa. Wọn á sọ̀rọ̀ rere nípa rẹ, òótọ́ sì ni gbogbo rẹ̀ máa jẹ́. Wọn á padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹlòmíràn á jókòó lórí àga rẹ kí ilẹ̀ ibi tí a sin ọ́ sí tó gbẹ. Wọn ò burú, bí iṣẹ́ ṣe rí ni. Èmi àti ìyá rẹ kò ní ẹlòmíràn tí a lè fi sórí àga tìrẹ. Ìyá rẹ ní kí n fi ọ̀rọ̀ ọkọ kún lẹ́tà yìí. Mo ní kí a kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹni tí wọ́n fẹ́ fẹ́ wà láàyè.

Mo bẹ̀rù òkun fún ọ nígbà tí o wà ní ọmọdé, mo kọ̀ kí o wọ ọkọ̀ ojú omi. Mo bẹ̀rù ọkùnrin nígbà tí o dàgbà, o mọ bí mo ṣe le tó. Mi ò bẹ̀rù iṣẹ́ rí. Mi ò mọ̀ pé ohun tí mo fi ń gbàdúrà fún ọ náà lè gbé ọ kúrò lójú títì ní ọ̀sán gangan.

Ìyá rẹ ni yóò gbé lẹ́tà yìí wá fún ọ lọ́la, Sátidé, ó sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo ti ní kó gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ títí di ọjọ́ Ajé. Má bá a jà. Bí o bá fẹ́ bínú, èmi ni kí o bínú sí, mo fara mọ́ ọn. Ó máa gbé ọbẹ̀ wá, ó máa jókòó tì ọ́ títí wàá fi jẹun tán, fóònù rẹ á sì wà lápò rẹ̀. Bí ọ́fíìsì bá pè, òun ló máa dá wọn lóhùn, Ọlọ́run kó ṣàánú wọn.

Tí o bá ti ka ìwé yìí tán, má pè mí. Mo mọ̀ pé ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí ọ lọ́kàn nìyẹn, kí o lè fi ọ̀rọ̀ dídùn tù mí nínú. Ti ìlẹ̀kùn, kí o lọ sùn. Sùn títí ara rẹ fi máa jí fúnra rẹ̀, ì báà jẹ́ ọjọ́ kejì. Ìgbà tí o bá jí ni kí o tó pè mí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Àìkú, èmi ni mo máa gbé fóònù yẹn. Bí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ pé o ti sùn, èmi náà á lọ sùn.

Èmi ni,
Bàbá rẹ tí ojú ń pọ́n.